Bí mo ṣe padà di máìkì mú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí ní WhatsApp pé "Àǹtí Alága, a gbọ́ pé ohùn yín ti padà, kí lẹ lò?", mo ti ń ṣèlérí pé màá kọ ọ́, iṣẹ́ ni ò jẹ́, lónìí wọ́n múná wá, fóònù ti kún, àwọn ọmọ ti sùn, kí n yáa kọ ọ́ kí n sinmi. Àkọ́kọ́ ná, ohùn yẹn ò padà o. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ báyìí, òmíì ni. Ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó máa ń há lálẹ́, tí mo bá sì fẹ́ fà á lọ sókè bí mo ṣe máa ń fà á tẹ́lẹ̀ tí ìyàwó bá ń jó wọlé bọ̀, ńṣe ló máa já lójijì. Òun náà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ṣá, mi ò sì sá fún máìkì mọ́.

Fún àwọn tí ò mọ̀ mí: ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì lorò wa, àmọ́ Ìlọrin ni mo ń gbé, ọmọ Pakátà lọkọ mi. Mọ́ńdè sí Fúráìdè mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ìwé gírámà, tó bá wá di Sátidé mo di alága níbi ìdána. Ìjókòó o, ìdúró o, èyí tí wọ́n bá pè mí fún ni màá ṣe, Tánkẹ̀ ni o, Gáà Àkáǹbí ni o, Àjàṣẹ́, Òró, títí dé Òmù-Àrán. Ohùn loko mi, ohùn náà lọkọ́ tí mo fi ń ro ó.

Gẹ̀gẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó ti wà lọ́rùn mi tipẹ́, kékeré ni, sìkáàfù ni mo fi máa ń bò ó, kò dí mi lọ́wọ́. Ìgbà tó wá di pé tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ kò ní jẹ́ n mí dáadáa ni dókítà ní ká yọ ọ́. Kí wọ́n tó yọ ọ́, ó pè mí jókòó, ó ya àwòrán sórí pépà, ó ní ẹ wò ó Mà, iṣan tín-ín-rín kan wà tó gba ẹ̀yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ yìí wà kọjá, òun ló ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún vocal cord yín, a máa ṣọ́ ọ gan-an, àmọ́ ó lè rẹ̀ ẹ́, kó má lè ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, àwọn díẹ̀ sì wà tí tiwọn kì í padà bọ̀ sípò. Mo ní tán-án-ná lẹ ń sọ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ má dá mi lóhùn, ọdọọdún ni mò ń ya gògóńgò àti tán-án-ná sára bọ́ọ̀dù fún àwọn SS1 nígbà tá a bá dé orí ẹ̀yà ara ìfọ̀, mi ò sì ronú ẹ̀ rí pé tèmi náà wà ńbẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni iṣan tapá òsì. Kì í gba ọ̀nà tààrà láti orí bọ́ sọ́fun o, ó máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú àyà, á lọ pẹ́kọrọ lábẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde, á wá tún gùnkè padà wá sí gògóńgò. Mo ní kí ló wá lọ síbẹ̀? Dókítà ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Mo ní ó dáa, mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo jí, mo lanu kí n kí nọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ló jáde. Tán-án-ná méjì ló yẹ kó máa pàdé kí wọ́n jọ máa gbọ̀n, tobìnrin máa ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan péré tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tọkùnrin á máa tó bí 120, tèmi wá di pé ọ̀kan ń wá, èkejì jókòó síbi tó wà, ó ń wò ó. Afẹ́fẹ́ kàn ń gba àárín wọn jáde lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo, á ti rẹ̀ mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Omi tí mo bá mu á fẹ́ ya ọ̀nà òdì, wọ́n wá kọ́ mi pé kí n máa tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí n tó gbé e mì. Dókítà ní wọn ò gé iṣan yẹn, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń jí padà láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan, tí ọdún bá yí po tí kò jí, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ ti èyí tó jókòó yẹn sún mọ́ àárín kí èkejì lè bá a pàdé. Ká máa ṣe eré ìdárayá ohùn, ká máa wò ó.

Ẹ ò mọ iye oògùn táwọn èèyàn gbé wá. Orógbó, ata ilẹ̀, oyin, ẹyin tútù, ẹnì kan tiẹ̀ gbé àdí wá láti Ọ̀fà nínú ìgò ọtí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo sì jẹ oyin yẹn dáadáa torí oyin dùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tí mi ò rò pé ọ̀pọ̀ wa mọ̀: kò sóhun tẹ́ ẹ máa gbé mì tó máa kan tán-án-ná. Ọ̀nà oúnjẹ lọ̀tọ̀, ọ̀nà èémí lọ̀tọ̀, tán-án-ná wà lójú ọ̀nà èémí, tí oyin bá débẹ̀ ikọ́ lẹ máa wú títí. Èmi tómi ń débẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Omi tẹ́ ẹ bá mu, inú ẹ̀jẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà kó tó wá rin tán-án-ná, ìyẹn ni pé omi tẹ́ ẹ mu láàárọ̀ ló máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kì í ṣe èyí tí wọ́n sáré gbé fún yín lórí ìjókòó. Wọ́n tún ní kí n má sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, pé ó lè ni ọ̀fun lára ju kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lọ, kí n má sì máa há ọ̀fun, torí gbogbo "ẹ̀hẹ̀n ẹ̀hẹ̀n" tá a máa ń ṣe ká tó sọ̀rọ̀ yẹn, tán-án-ná méjèèjì ló ń gbá ara wọn.

Eré ìdárayá yẹn wá ńkọ́? Straw tí wọ́n fi ń mu mínírà ni. Ẹ máa fi ẹnu mú un, ẹ tì í bọ inú omi díẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ máa fi ohùn sọ "ùùùù" gba inú ẹ̀, omi á máa hó. Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn, nígbà tó yá àwọn náà mú straw tiwọn, ilé wa wá ń hó lálaalẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ó máa ń jẹ́ kí tán-án-ná pàdé láìfi agbára gbá ara wọn. Nígbà tó ṣe, tí wọ́n fi kámẹ́rà tín-ín-rín gba ihò imú wò ó, dókítà ní ó ti ń rìn, ó ti ń pàdé. Gbogbo ilé jó.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti wá bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Torí ọ̀fun sàn, èmi ò sàn. Nílé mò ń sọ̀rọ̀, mò ń bá àwọn ọmọ jà, mò ń ná ọjà ní Ọjà Ọba, kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà ní kí n dìde níwájú èrò. Ọ̀gá wa nílé ìwé ní kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní assembly láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ọ̀rọ̀ tí ò ju kí wọ́n má pẹ́ dé lọ, ọwọ́ mi tutù, itọ́ gbẹ lẹ́nu, àyà ń lù kìkìkì, ohùn tó jáde tín-ín-rín bíi tọmọ JSS1. Mo sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì mo sọ̀ kalẹ̀. Mo wá lọ kà nípa ẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣe mí kí n má mọ ohun tó ń ṣe mí. Ohun tí ara máa ń ṣe tí ajá bá lé èèyàn náà ló ń ṣe, ara ò mọ̀ pé ọmọ ilé ìwé lásán ló dúró síwájú ẹ. Á gba ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ lè sá, á dá itọ́ dúró, èémí á kúrò nínú ikùn á bọ́ sókè àyà, ẹran tó yí gògóńgò ká á le, ohùn á wá tín-ín-rín lọ sókè. Ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan rí, tó bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀ á lọ. Tèmi, bó bá ṣe tín-ín-rín báyìí, ọkàn mi á ní "ó ti lọ nìyẹn", ìyẹn á tún mú kó le sí i, a wá ń yí po.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á pè mí, màá ní mo ti gba òde kan lọ́jọ́ yẹn, màá fún wọn ní nọ́ńbà ẹlòmíì. Àwọn tó mọ̀ á ní "ẹ ṣọkàn akin, Alága, ẹ̀yin ni o, kí lẹ̀rù ń bà yín sí?" Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bẹ̀ yín, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń ta ọkàn akin lọ́jà Ìpàtà ni, a ò bá ti ná an. Ẹni tẹ́ ẹ bá sọ fún pé kó má bẹ̀rù, ẹ̀rù á kàn di méjì fún un ni, ti èrò tó wà níwájú, àti tìtìjú pé ẹ̀rù ń bà á.

Ohun tó wá là mí lójú, inú ààwẹ̀ ni. Mọ́sáláṣí kan wà nítòsí wa tí ààfáà ti máa ń ṣe tàfúsírì lọ́sàn-án nínú Ràmàdáánì, sípíkà wọn ò sì jìnnà sí fèrèsé wa. Mo jókòó mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, mo wá ń ronú pé ọkùnrin yìí ò jẹun, kò mumi láti ìdájí, ó ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí gbáko lójoojúmọ́, ohùn ẹ̀ ò sì há. Báwo ló ṣe ń ṣe é? Mo gbé bírò kalẹ̀ mo gbọ́ ọ dáadáa. Ajánàásì ni, ẹni tó ń ké Kùránì fún un. Ajánàásì á ké ààyà kan, á fà á, á rọra fà á, ààfáà á dákẹ́ lákòókò yẹn, á mí, á wá túmọ̀ ẹ̀, á fi ìtàn sí i, á dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ó tún ti dọwọ́ ajánàásì nìyẹn. Kì í ṣe ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí yẹn. Ẹni méjì ni, àwọn tó ń dáhùn "Àmín" sì ṣe ẹnì kẹta.

Mo bá ní ah! Dàdàkúàdà, orin Ìlọrin tiwa, ńkọ́? Ẹ gbọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Ọdọlayé Àrẹ̀mú, ọmọ Ìlọrin wa yẹn, ẹ máa gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ni bàbá yẹn ń sọ, á sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ẹlẹ́gbè á gbé e, òun á sinmi, ìlù á dá sí i, á tún mú ọ̀rọ̀ míì jáde. Kò bá ẹnikẹ́ni pariwo. Èmi wá ni mo ń dá ṣe ajánàásì, mò ń dá ṣe ààfáà, mo tún ń dá ṣe ẹlẹ́gbè lórí ìjókòó ìdána fún wákàtí mẹ́ta, torí bí gbogbo àwa alága ṣe ń ṣe é nìyẹn lóde òní, a rò pé tá a bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n èrò á dìde lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ látinú kíláàsì. Ọmọ kan á ka ìpínrọ̀ kan, èmi á sọ̀rọ̀ lé e, òmíì á kà. Lẹ́yìn náà ni mo gbà láti máa ka mínìtì nípàdé àwa obìnrin Ọ̀fà tó wà nílùú Ìlọrin, ẹ sì jẹ́ n sọ fún yín, kò síbi tó dáa tó mínìtì fún ẹni tó ń padà bọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ sísọ, torí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mínìtì. Ìdajì wọn ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, àwọn tó kù ń wo fóònù, ẹ máa jókòó kà á pẹ̀lú ohùn yín tó ń gbọ̀n títí tí kò fi ní gbọ̀n mọ́, ẹnì kan á dìde á ní "I move", ó parí. Mo kà á fún oṣù mélòó kan. Ìgbà kan ohùn já láàárín, mo dúró, mo gbé itọ́ mì, mo ń bá a lọ, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ gbójú sókè. Ìyẹn ṣe mí láǹfààní ju gbogbo ìwàásù tí wọ́n wà sí mi létí lọ.

Mo tún máa ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù. Ó burú nígbà àkọ́kọ́! Gbogbo èèyàn ló máa ń ní "ṣé ohùn mi nìyí?", torí tá a bá ń sọ̀rọ̀, etí wa ń gbọ́ ọ láti ìta, ó tún ń gbọ́ ọ látinú egungun orí wa, ìyẹn ló ń mú kó nípọn létí ara wa, fóònù ní tiẹ̀ ò ní egungun wa, ti ìta nìkan ló gbà. Tèmi tún wá jẹ́ ohùn tuntun lórí ẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá ń gún iyán, nígbà tí mo bá ń lọ aṣọ, títí tí kò fi ṣe mí bákan mọ́. Mo wá rí i pé tí mo bá fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tó fẹ́ wà, ó dúró dáadáa, ó tiẹ̀ dà bí ti àgbà. Èyí tó ń já ni èyí tí mò ń wá láti bá ohùn àtijọ́ dọ́gba. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní "Ìyá Àjọkẹ́, èyí yẹ ẹ́ jùyẹn lọ," mo ní ẹ ṣé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ariwo mi pọ̀ jù.

Ìdána tí mo kọ́kọ́ padà ṣe, Òmù-Àrán ni. Kí n tó gbà á mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Níbo ni jẹnẹrétọ̀ máa wà? Torí mo ti kà á pé dókítà etí ará Faransé kan tó ń jẹ́ Étienne Lombard ti sọ ọ́ láti ọdún 1911 pé tí ariwo bá wà létí èèyàn, ohùn ẹ̀ á ga láìjẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn kánópì alága yẹn, òun ló ń pa wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Mo ní kí sípíkà kékeré kan kọjú sí èmi náà kí n lè gbọ́ ara mi. Mo ní kí onígángan dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, òun ni ajánàásì mi, tí mo bá ti ṣẹ́jú sí i kó gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi.

Ọwọ́ mi tutù, àyà lù, kò kúkú lọ. Mo jẹ́ kó máa lù. Mo mí sínú ikùn, mo tú u jáde díẹ̀díẹ̀ kó gùn ju èyí tí mo fà wọlé lọ, mo wá kí wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, "ẹ̀yin ẹbí wa, ẹ káàbọ̀ o", mo dákẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n dáhùn dáadáa. Mo ní mi ò gbọ́, wọ́n tún dáhùn, mo ti mí lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò tètè ní kí wọ́n dìde, mo jẹ́ kí gángan kì wọ́n. Àbúrò ìyàwó ló ka lẹ́tà, kò mọ̀ ọ́n kà dáadáa, mo ní kó tún un kà látòkè, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ń mu omi. Alága ìdúró tiwọn, àǹtí kan tára ẹ̀ yá gágá, fẹ́ bá mi figagbága, ó ń fi ohùn jó lọ sókè, mo jẹ́ kó lọ. Nígbà tí mo fẹ́ kì ìyàwó, ohùn já mọ́ mi lẹ́nu lójú gbogbo ayé. Màmá àgbà kan tó jókòó níwájú ní, "Rọra ṣe é, ọmọ mi, a ò bá ẹnikẹ́ni dájọ́." Mo ní ẹ ṣé Mà, mo mú un láti ìsàlẹ̀, mo kì í dópin. Nígbà tá a fi gé kéèkì, ohùn alága ìdúró ti há pátápátá, ọwọ́ ló fi ń júwe.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ, pàápàá ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin oníwàásù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe èrò ní gáréèjì Ọ̀fà. Tí ohùn bá há tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí kì í ṣe ọ̀fìnkìn, ẹ lọ rí dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun, ẹ jẹ́ kó fi kámẹ́rà wò ó. Ẹ má fi orógbó sin ín lọ. Tẹ́ ẹ bá ń mu sìgá, tàbí tí kókó kan bá wà lọ́rùn, tàbí tóúnjẹ bá ń há yín, ẹ má dúró dìgbà yẹn rárá.

Sátidé tó ń bọ̀ mo ní ìdána kan nílé, ní Ọ̀fà, mo ti fi gbogbo ohun tí mo fẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó: máìkì méjì, omi tí ò tutù, onígángan kó dé ṣáájú mi, àga kan fún mi. Ó ní àga kẹ̀, ṣé alága máa jókòó ni? Mo ní ṣebí alága ìjókòó lẹ pè mí fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ti jẹnẹrétọ̀ nìkan ni ò tíì fèsì sí, mo tún máa pè é láàárọ̀ ọ̀la.